Nígbà tí Lọ́rì Dísẹ̀lì Bá Kọ̀ tí Kò Sítáàtì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ra kòkó, gbogbo wa ni a mọ̀ pé iṣẹ́ kòkó kì í parí ní ibi tí a ń sá a sí. Ẹni tí ó ká a, tí ó là á, tí ó bò ó, tí ó sì sá a títí ó fi gbẹ, kò tíì rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ gbà tán títí kòkó náà yóò fi dé èbúté. Lọ́rì ni ó sì ń gbé e lọ síbẹ̀. Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ wa ti òní ṣe dá lórí ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tí ń dá lọ́rì dúró, èyí tí í ṣe pé epo kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé nínú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan láti Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti ń gbé tí wọ́n sì ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́. Williamsville jẹ́ àdúgbò kan ní apá àríwá Adjamé nínú ìlú náà. Lọ́rì tí ó bá gba ọ̀nà Adzopé wá yóò kọjá ní Anyama àti Abobo kí ó tó kan ibẹ̀, ó sì tún kù kí ó la ìlú já, kí ó sì sọdá ọ̀sà Ébrié, kí ó tó dé èbúté. Ká sọ pé lọ́rì kan tí ó kún fún àpò kòkó sùn sí Williamsville mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́; ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n kò jí. Kí ni ó yẹ kí awakọ̀ náà àti ẹni tí ó ni ẹrù ṣe?

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó wà nínú ewu. Kòkó tí ó gbẹ dáadáa kì í ní ju omi ìwọ̀n 8 nínú 100 lọ. Bí ó bá dúró pẹ́ lábẹ́ tapólì nínú afẹ́fẹ́ tí ó tutù, tàbí tí òjò bá ta sí i, yóò tún fa omi mọ́ra, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Bẹ́ẹ̀ ni hóró tí ó bu kò gbọ́dọ̀ ju 3 lọ nínú 100 bí a bá fẹ́ kí kòkó náà wà ní ìpele kìíní. Ohun kejì ni owó. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń fi iye owó tí àgbẹ̀ yóò gbà lélẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kòkó ní Côte d'Ivoire, lábẹ́ àbójútó Conseil du Café-Cacao. Ẹni tí ń ra kòkó kò lè fi owó àtúnṣe lọ́rì kún iye tí òun ń tà á. Owó tí ó bá fi ra ohun tí ọkọ̀ kò nílò, nínú èrè rẹ̀ ni yóò ti jáde. Bí èrè kò bá sì tó, àgbẹ̀ tí ń retí owó rẹ̀ ni ìyà náà yóò jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe é, èyí tí ó ṣe àṣeyọrí sì ṣiṣẹ́ ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897. Inú àwọn àgbẹ̀ ẹ̀pà yóò dùn láti gbọ́ pé, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní ọdún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bí ti ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná kọjá ìwọ̀n 500 Sẹ́síọ́ọ̀sì; nígbà náà ni a óò fọ́n epo sínú rẹ̀ bí ìrì, yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Bí epo kò bá dé, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá dàpọ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà, pọ́ǹpù yóò kàn máa fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ ni bí ìgbà tí a ń tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà. Kò ní lè ti epo síwájú.

Ọ̀nà tí epo ń gbà rèé: láti inú táǹkì, ó ń gba páìpù lọ sí ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù kékeré tí ń fà á, láti ibẹ̀, ó ń lọ sínú fílítà, láti inú fílítà, ó ń lọ sínú pọ́ǹpù ńlá, pọ́ǹpù ńlá ni ó sì ń tì í lọ sí àwọn nọ́sù tí àwọn mẹ́káníìkì Abidjan ń pè ní injecteur. Ẹni tí ń wá ìdí tí odò fi gbẹ, láti orísun ni í ti í bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí á ṣe.

Èkínní: Ẹ wo ẹnu páìpù èéfín nígbà tí awakọ̀ bá ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín funfun tàbí aláwọ̀ eérú bá ń jáde, epo ń dé inú ẹ́ńjìnnì. Ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà wà ní ibòmíràn. Bí èéfín kò bá jáde rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé epo kò dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yí tìkọ̀tìkọ̀, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe epo. Ẹ má ṣe di kọ́kọ́rọ́ mú ju bí ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí sítátà sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún gbìyànjú.

Èkejì: Ẹ wo táǹkì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ aago epo nìkan. Ẹ ki ọ̀pá tí ó mọ́ bọ inú táǹkì kí ẹ fi ojú yín rí epo. Bí ẹ bá ń ṣí ìdérí tí ẹ sì gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń sáré wọlé, ihò kékeré tí táǹkì fi ń mí ti dí. Táǹkì tí kò lè mí kò ní jẹ́ kí epo jáde.

Ẹ̀kẹta: Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ fílítà, kí ẹ sì gbe ohun tí ó bá jáde sínú ìgò funfun. Ẹ jẹ́ kí ó tòrò. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ìgò ni yóò wà. Bí omi bá pọ̀, ẹ fà á dànù títí epo tí ó mọ́ yóò fi máa jáde. Bí fílítà bá ti dúdú tí ó sì dí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pọ́ǹpù.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Páìpù tí ó wà láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù kékeré, fífà ni wọ́n ń fa epo gba inú rẹ̀. Bí ó bá lu, epo lè má kán sílẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá fi lè kọ̀ láàárọ̀: epo ti padà sẹ́yìn sínú táǹkì lóru. Ẹ yẹ họ́ọ̀sì rọ́bà wò bóyá ó ti sán, kí ẹ sì fún gbogbo ìdè rẹ̀ le.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kékeré orí fílítà, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré. Ìfófòó ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi máa jáde láìsí ìfófòó, kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì náà padà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí tí epo kò jáde rárá, tí páìpù kò sì dí, ó ṣeé ṣe kí awọ rọ́bà inú pọ́ǹpù kékeré ti ya.

Ẹ̀kẹfà: Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ńlá ni ó ní ìlẹ̀kùn kékeré tí iná bátìrì ń ṣí fún epo. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná ń dé, kí ẹlòmíràn sì fetí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Bí kò bá dún “kẹ́”, ẹ wo fíúsì àti wáyà rẹ̀. Wáyà kan tí ó yọ lè dá ẹrù odidi lọ́rì dúró.

Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ọkọ̀ kò sì jí ni kí ẹ tó pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ pọ́ǹpù ńlá àti nọ́sù, tí ó sì ní ẹ̀rọ tí a fi ń dán wọn wò.

Ìkìlọ̀ méjì wà. Lọ́nà kìíní, ẹ má ṣe da pẹtiróòlù sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́. Iná lè bú sí yín lójú, ẹ́ńjìnnì sì lè fọ́. Lọ́nà kejì, nínú àwọn lọ́rì ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí, agbára tí ó wà nínú páìpù tí ó lọ sí nọ́sù lè ju 1,600 bar lọ. Ẹ má ṣe tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, ẹ má sì fi ọwọ́ wá ibi tí ó ń lu. Epo náà lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́; ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ojú egbò náà tilẹ̀ kéré.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú sàn ju àtúnṣe lọ. Ẹ jẹ́ kí táǹkì kún ní alẹ́, nítorí pé ìrì máa ń sẹ̀ sínú táǹkì tí ó ṣófo. Ẹ máa fa omi ìsàlẹ̀ fílítà dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá nígbà òjò. Ẹ má ra epo inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá. Kí olúkúlùkù lọ́rì tí ń gbé kòkó sì ní fílítà tuntun kan, họ́ọ̀sì kan, sípánà àti ìgò funfun kan nínú àpótí rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí àpò kòkó sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù mú yín sáré lọ ra pọ́ǹpù ńlá. Ẹ tọ ọ̀nà epo láti táǹkì wá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó bá ti dúró ni kí ẹ náwó sí.