"Kò Gbọdọ̀" àti "Kì Í"

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ṣe é á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á di akọni kan nínú ìtàn, wọn á sì máa da dáìsì láti mọ̀ bóyá idà ba ọ̀tá tàbí ó tàsé. Ẹni tó bá fẹ́ díwọ̀n irú eré yìí á wo ibùdó ìtàn rẹ̀, á wo òfin rẹ̀, á sì béèrè bóyá méjèèjì bára mu. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó wúlò gan-an fún iṣẹ́ yìí, ìyẹn èèwọ̀, ṣùgbọ́n kò ní wúlò bí a bá ń pe gbogbo ìkìlọ̀ ní òfin.

Òfin ní ẹni tó ṣe é. A máa ń gbé e kalẹ̀, ẹlòmíràn á rú u, adájọ́ á sì fìyà jẹ ẹ́. Èèwọ̀ yàtọ̀: bíbá la bá a nílẹ̀, ẹni tó bá kọjá ààyè rẹ̀, jíjẹ ló jẹ ẹ́. Ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún olórìṣà Ọbàtálá, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ. Àgbàlagbà tó bá ní aboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan á fi kún un pé kí ẹ̀mí burúkú má baà pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Ìkìlọ̀ àti ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ jọ ń rìn ni.

Gírámà pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. "Ọlọ́kadà kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí" jẹ́ àṣẹ láti ẹnu ẹnìkan. Ṣùgbọ́n "aboyún kì í rìn lọ́sàn-án" ń sọ bí ayé ṣe rí; ẹni tó ń sọ ọ́ kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo àwòrò igbó tí wọ́n ń pè ní druid nínú eré náà. Kí ìwé òfin ọdún 2024 tó dé, kì í wọ ẹ̀wù ogun onírin. Nínú ẹ̀dà kẹta, tó jáde ní 2000, druid tó bá wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kò ní lè lo agbára ìdán rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá wà lọ́rùn rẹ̀, àti fún wákàtí 24 lẹ́yìn tó bá bọ́ ọ. Èèwọ̀ gidi nìyẹn, nítorí irin tó wọ̀ ló bá a wí. Ìwé ọdún 2014 ṣì fi "kì í" sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Ó mú ohùn èèwọ̀, ó fi agbára rẹ̀ sílẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tó ń ṣe eré náà jiyàn lórí gbólóhùn kan ṣoṣo yìí fún ọdún púpọ̀.

Dark Sun, ibùdó ìtàn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1991, ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣálẹ̀ ni ayé ibẹ̀, irin sì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà egungun àti òkúta ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà, òfin eré sì jẹ́ kí wọ́n máa kán lójú ogun. Oṣó tó bá ń fi ìwàǹwára pidán níbẹ̀ ń fa ẹ̀mí inú ewéko mu, ilẹ̀ tó dúró lé á sì di eérú. Ẹni tó bá da dáìsì níbẹ̀ mọ irú ayé tó wà.

Ti elf inú ìwé òfin eré náà ti ọdún 1978 ni kò ṣeé pè ní èèwọ̀ rárá. Ẹ̀dá yìí ń gbé ayé ju 1,000 ọdún lọ, síbẹ̀ ìwé sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá ìpele 11 nínú iṣẹ́ oṣó, nígbà tí ọmọ ènìyàn tí ẹ̀mí rẹ̀ kúrú lè máa gòkè lọ. Kò sí ohun kan nínú ìṣẹ̀dá elf tó fa ìdíwọ́ náà. Gygax ló fẹ́ kí ọmọ ènìyàn jẹ́ olórí nínú ayé eré rẹ̀. Òfin lórúkọ tó tọ́ sí i, rírú sì ni a ń rú u. Ẹ̀dà ọdún 2000 ti pa á rẹ́.