ÌDÁDÚRÓ NÍ ETÍ ODÒ ÁHÁFÀ
Ẹ̀kọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ń múra àjò

Kíkà: Ẹ́sírà 8:15–36, Númérì 12:14–16, 1 Sámúẹ́lì 30:21–25.



Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ Ìjọ ń kó ara wọn jọ láti lọ sí Jerúsálẹ́mù, sí Róòmù, sí ilẹ̀ Gíríìsì, tàbí sí àpéjọ àwọn onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti dá èésú fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó rí owó ọkọ̀ san. Wọ́n á gba ìwé ìrìnnà, wọ́n á dágbére fún ará ilé, àlùfáà á sì gbàdúrà fún wọn níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí wọ́n bá dé pápákọ̀ òfúrufú, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé ọkọ̀ náà kò lọ mọ́. Kíá ni ẹgbẹ́ tí ó ti ń kọrin nínú mọ́tò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Àwọn kan á máa pariwo mọ́ akọ̀wé. Àwọn kan á máa fura sí ẹni tí ó gba owó. Àwọn tí ó mọ ènìyàn á máa wá ọ̀nà tiwọn ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn àgbàlagbà á sì jókòó ti ẹrù wọn láìsí ẹni tí ń sọ ohunkóhun fún wọn.

Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé ìdádúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àjò jẹ́ apá kan nínú àjò náà. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ ni wá nítòótọ́, tàbí àwọn ènìyàn tí ó kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kan náà.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÁHÁFÀ

Ẹ́sírà bẹ̀rẹ̀ àjò rẹ̀ láti Bábílónì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní (7:9), ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kejìlá oṣù náà kí ó tó ṣí kúrò ní etí odò Áháfà (8:31). Wọ́n pàgọ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì yẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ wò, ó rí i pé kò sí ọmọ Léfì kan láàárín wọn. Ó ránṣẹ́ sí Ídò ní Kásífíà, a sì rán àwọn ọmọ Léfì bí 38 sí i, pẹ̀lú àwọn Nétínímù 220. Lẹ́yìn náà ó kéde àwẹ̀. Ó wọn fàdákà àti wúrà, ó sì fi wọ́n lé àwọn olórí àlùfáà 12 lọ́wọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni wọ́n wọ Jerúsálẹ́mù (7:9). Nínú àjò oṣù mẹ́rin, ọjọ́ Áháfà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni a ti ṣe gbogbo ètò tí ó mú wọn dé ní àlàáfíà.

OHUN TÍ Ń DÁ ỌKỌ̀ ÒFÚRUFÚ DÚRÓ

Ó yẹ kí a mọ ìdí ọ̀ràn, kí a má bàa bá ẹni tí kò ṣẹ̀ wá jà. Ní ilẹ̀ wa, nígbà ọyẹ́, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà lè bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kò fi ní rí ojú pápá tí yóò bà sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, òkè ayọnáyèéfín kan ní ilẹ̀ Áísílándì tú eérú sí òfúrufú. A fagi lé ìrìn ọkọ̀ tí ó tó 100,000 ní Yúróòpù láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kan èrò tí ó tó mílíọ̀nù 10. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, nítorí àrùn Kòrónà, ìjọba Nàìjíríà ti àwọn pápákọ̀ òfúrufú wa mọ́ ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, a kò sì ṣí wọn padà fún un títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2025, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti Ìránì, a ti pápákọ̀ Ben Gurion, èyí tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń gbà wọ Ilẹ̀ Mímọ́.

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó ti ọwọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jókòó nídìí tábìlì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àìtọ́jú ọkọ̀ tàbí àìtó òṣìṣẹ́ ni ó fà á, ó sì yẹ kí ilé iṣẹ́ náà dáhùn fún un. Síbẹ̀, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ẸKỌ́ KÌÍNÍ: KA ÀWỌN ÈNÌYÀN RẸ

Kí Ẹ́sírà tó ṣe ohunkóhun, ó kọ́kọ́ wo ẹni tí ó wà àti ẹni tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí olórí ẹgbẹ́ ṣe ní wákàtí tí a bá kéde pé ọkọ̀ kò lọ. Kí ó kó gbogbo ènìyàn sí ojú kan, kí ó pe orúkọ wọn láti inú ìwé, kí ó sì fi ọ̀dọ́ kan ti àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan. Kí ó béèrè ẹni tí ó ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ibi tí oògùn rẹ̀ wà. Oògùn tí a dì sínú ẹrù tí ọkọ̀ ti gbà lè má tètè tẹ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà àpò ọwọ́ ni àyè rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí yóò ju ọjọ́ àjò lọ.

Ohun gbogbo tí olórí bá gbọ́, kí ó sọ ọ́ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìròyìn tí a ń sọ ní kọ̀rọ̀ ni ó ń bí ìfura.

ẸKỌ́ KEJÌ: KÍ ẸNU KAN SỌ̀RỌ̀ FÚN GBOGBO YÍN

Kí a yan ẹnìkan tí yóò lọ sí ìdí tábìlì ilé iṣẹ́ ọkọ̀, kí ẹlòmíràn sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nítorí ìbínú. Bí èrò bá fagi lé e, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè bọ́. Bí ilé iṣẹ́ bá fagi lé e, ọrùn wọn ni gbèsè wà. Kí a béèrè ìdí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì lọ bá ọkọ̀ kejì níwájú fúnra rẹ̀, lè rí i pé a ti fagi lé ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ má sì gbàgbé láti ránṣẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì, awakọ̀ àti afinimọ̀nà tí ń retí yín, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí físà yín yóò parí.

Òfin kò fi arìnrìn-àjò sílẹ̀ láìní ẹ̀tọ́. Òfin Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, nọ́mbà 261 ti ọdún 2004, de gbogbo ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní ilẹ̀ wọn, ó sì de ọkọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tiwọn tí ń ti ibòmíràn lọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó gbéra láti Èkó lọ sí Róòmù. Bí a bá fagi lé ìrìn ọkọ̀, èrò yóò yàn bóyá kí a dá owó rẹ̀ padà tàbí kí a gbé e lọ lọ́nà mìíràn. Bí ó bá sì ń dúró, oúnjẹ àti ibùsùn tọ́ sí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ wọn dájọ́, lórí ọ̀ràn eérú ọdún 2010, pé bí ohun tí ó ju agbára wọn lọ bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, ojúṣe láti bọ́ èrò àti láti fún un ní ibùsùn kò parẹ́. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, àjọ tí ń ṣe àkóso ọkọ̀ òfúrufú ti ṣe òfin lórí ìtọ́jú èrò, wọ́n sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ èrò. Ẹni tí ó bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Pọ́ọ̀lù pàápàá fi ẹ̀tọ́ ọmọ Róòmù gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ pàṣán (Ìṣe 22:25).

ẸKỌ́ KẸTA: KÍ A WỌN OWÓ NÍGBANGBA

Ẹ́sírà mọ̀ pé olóòótọ́ ni àwọn àlùfáà náà, síbẹ̀ ó wọn wúrà àti fàdákà kí ó tó fi lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n sì dé Jerúsálẹ́mù, a tún wọ̀n ọ́n, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n yìí ń dáàbò bo olóòótọ́. Ní ọjọ́ ìdádúró, owó tí a kò pèsè fún yóò jáde: owó mọ́tò, owó oúnjẹ, owó ilé sísùn. Kí ẹni méjì máa kọ ọ́, kí a pa rìsíìtì mọ́, kí a sì ka ìṣirò náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ lálaalẹ́. Owó tí a bá sì gbà padà, ti ẹni tí ó san án ni. Ìjọ kò gbọdọ̀ sọ owó opó di ọrẹ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fi í sílẹ̀.

ẸKỌ́ KẸRIN: BÍ ÀYÈ KÒ BÁ KÁRÍ

Ọ̀ràn tí ó le jù nìyí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè wí fún ẹgbẹ́ ẹni 30 pé àyè 12 péré ni ó wà lọ́la. Ta ni yóò lọ? Nígbà tí a sé Míríámù mọ́ ẹ̀yìn ibùdó fún ọjọ́ méje, gbogbo Ísírẹ́lì dúró dè é, wọn kò sì ṣí títí a fi mú un wọlé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni wọ́n dúró dè bẹ́ẹ̀. Mélòómélòó ni arúgbó tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni!

Òtítọ́ ni pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni gbogbo ẹgbẹ́ lè dúró, nítorí àyè tí a kò gbà lè bọ́. Nítorí náà, kí a ti fẹnu kò lórí ìlànà nílé, kí ọjọ́ wàhálà tó dé: kí a má ṣe ya tọkọtaya, kí a má ṣe rán aláìlera lọ ní òun nìkan, kí igbákejì olórí ṣáájú, kí olórí fúnra rẹ̀ sì kẹ́yìn. Olórí tí ó bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní láti padà sílé. A mọ̀ pé ìtìjú ńlá ni èyí ń jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí a ti ṣe ìdágbére fún, tí a ti ta lọ́rẹ, ń bẹ̀rù ẹ̀rín àwọn aládùúgbò. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ fara pamọ́ sílé ìbátan kí a má bàa rí i. Àwọn kan a sì máa wí pé ayé ni ó ṣe é. Ǹjẹ́ Dáfídì ṣe ìlànà kan nítorí àwọn 200 tí ó rẹ̀ ní etí odò Bésórì: pé ìpín ẹni tí ó dúró ti ẹrù yóò rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tí ó lọ sójú ogun. Kí Ìjọ gba àwọn tí ó padà gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò, kí ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí wọn, kí àwọn tí ó dé ibẹ̀ sì dárúkọ wọn nínú àdúrà.

ṢÉ ÀMÌ NI ÌDÁDÚRÓ JẸ́?

A máa ń béèrè bóyá Ọlọ́run ni ó dá àjò náà dúró. Pọ́ọ̀lù kò fi ìtumọ̀ kan náà fún gbogbo ìdènà. Ní Ìṣe 16, ó yé òun àti àwọn tí ó bá a lọ pé Ẹ̀mí ni kò jẹ́ kí wọ́n wọ Bítíníà. Ní 1 Tẹsalóníkà 2:18 ó wí pé Sátánì ni ó dí wọn lọ́wọ́. Ní Róòmù 1:13 ó sọ pé a dí òun lọ́wọ́, kò sì sọ ẹni tí ó ṣe é. Bí Àpọ́sítélì bá lè fi ọ̀ràn kan sílẹ̀ láìtúmọ̀, kí àwa má ṣe kánjú pe ẹnikẹ́ni ní Jónà ẹgbẹ́. Àwẹ̀ Áháfà kò wádìí ẹni tí ó fa ìdádúró; ọ̀nà títọ́ ni wọ́n béèrè, fún ara wọn, fún àwọn ọmọ wọn, àti fún ohun ìní wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ Ẹ̀KỌ́

1. Kí ni Ẹ́sírà rí ní Áháfà tí kò rí ní Bábílónì?
2. Ìlànà wo ni ẹgbẹ́ wa ní fún ọjọ́ tí àyè kò bá kárí? Bí kò bá sí, ta ni yóò kọ ọ́, nígbà wo?
3. Èé ṣe tí a fi wọn owó lẹ́ẹ̀mejì?
4. Báwo ni ìjọ wa ṣe ń gba ẹni tí àjò rẹ̀ kò yọrí?

Kí Olúwa tí ó ṣọ́ àwọn ará Áháfà ṣọ́ àjáde àti àbọ̀ gbogbo wa, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.