Fífọ Owó Tí A Hú Nínú Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Kọ́bọ̀ Oníhò Kan ní Ẹgbẹ́dá

Ìfáàrà

Ní àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, pàápàá ní agbègbè Ẹgbẹ́dá, ọkọ́ àgbẹ̀ a máa kan owó àtijọ́ nínú ilẹ̀. Ibi tí ilé ti wó di ahoro, tàbí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé titun, ni irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jáde sí. Èèpá á ti bò ó débi pé a kò ní í dá ojú rẹ̀ mọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ ayípo tí wọ́n fi ń dán òkúta fọ irú owó bẹ́ẹ̀. A óò sì fi hàn pé kì í ṣe gbogbo owó ló yẹ kí ẹ̀rọ náà fọwọ́ kàn.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ rèé. Ìyá àgbà kan ní abúlé kan lábẹ́ Ẹgbẹ́dá fún mi ní kọ́bọ̀ oníhò kan tí wọ́n hú ní ahoro ilé bàbá ọkọ rẹ̀. Bàbá náà, nígbà ayé rẹ̀, a máa sọ pé òun ní owó ọba tí kò dé adé. Ìyá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo ju owó náà sínú ẹ̀rọ lálẹ́, mo sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó ń dán yinrinyinrin. Ọdún 1936 ṣì hàn fírífírí ní ojú kan, ṣùgbọ́n orúkọ ọba tó wà ní ojú kejì ti pa rẹ́. Ìyá bi mí pé, “Ọba wo ló wà ńbẹ̀, ọmọ mi?” N kò rí èsì fọ̀.

Àwọn owó tí a lè bá nínú ilẹ̀

(a) Owó ẹyọ: Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan (20,000). Ìkarahun ni, kì í ṣe irin.

(b) Owó oníhò: Ní 1907 ni ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ dé, eépìnnì tẹ̀ lé wọn ní 1911. Ọ̀nínì mẹ́wàá ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Bàbà tí a pò mọ́ níkẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn títí di 1952, tí bàbà tí a fi tánganran díẹ̀ pò fi gba ipò rẹ̀. Ọ̀nínì àkọ́kọ́ ti 1907 yàtọ̀: alumíníọ̀mù ni, ó sì fúyẹ́.

(d) Tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì: Láti 1913 ni wọ́n ti ń fi fàdákà ṣe wọ́n, láti 1920 ni idẹ ti ń gba ipò fàdákà.

(e) Owó Nàìjíríà: Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1959. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ titun dé. Irin tí a fi bàbà tàbí níkẹ̀lì bò ni àwọn ti 1991.

Ẹ kíyè sí i pé owó náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa. Ẹni tí kò tíì fojú rí ọ̀nínì rí ṣì ń sọ pé òun kò ní ọ̀nínì lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ náà àti iṣẹ́ rẹ̀

Àgbá kékeré onírọ́bà kan ni, tó dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pá méjì. Mọ́tò ń yí ọ̀pá kan, ọ̀pá sì ń yí àgbá. Bí àgbá ti ń yí, òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń gun òkè, ó ń ya wálẹ̀, ó sì ń ha ara owó. Ẹ̀rọ kò mọ èèpá yàtọ̀ sí lẹ́tà. Ohunkóhun tó bá yọ sókè lára owó ni yóò máa ha.

Ìlànà tó yẹ kí a tẹ̀ lé

1. Kí a tó fi omi kàn án, kí a kọ ibi tí a ti rí i, bó ti jìn tó nínú ilẹ̀ àti ọjọ́ tí a hú u sílẹ̀. Kí a ya fọ́tò ojú méjèèjì.

2. Kí a rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a máa pààrọ̀ omi, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Bí a bá ti lè kà á, kí a dúró níbẹ̀.

3. Kí a fi òkúta òòfà dán an wò. Èyí tó bá fà mọ́ ọn, irin ló wà nínú rẹ̀. Bí bàbà ara rẹ̀ bá ti bó, omi inú àgbá yóò mú un dógùn-ún. Kí a má fi bàbà àti níkẹ̀lì sínú àgbá kan náà, nítorí àwọ̀ bàbà a máa lẹ̀ mọ́ èyí tó funfun.

4. Òkúta odò tó ti dán ni kí a lò, kì í ṣe iyanrìn, kì í ṣe ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń lọ òkúta. Kí omi bò wọ́n, kí a kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, kí àgbá má sì kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

5. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni kí a máa ṣí i wò. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

6. Kí a fi omi mímọ́ ṣàn án, kí a sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ. Kí a má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára bí a ti í ṣe fún idẹ ilé, nítorí kíkan rẹ̀ a máa jẹ irin.

Owó ẹyọ, fàdákà, alumíníọ̀mù àti owó oníhò tí a kò tíì kà kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ yìí rárá. Kọ́bọ̀ 1973 tó pọ̀ káàkiri ni kí a fi kọ́ṣẹ́.

Ohun tí ẹ̀rọ lè gbà lọ́wọ́ wa

Ọba George Karùn-ún kú ní oṣù kìn-ín-ní 1936. Edward Kẹjọ jọba lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà láì dé adé. Owó oníhò kò ní àwòrán orí ọba. Adé àti orúkọ nìkan ló wà lára rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe rí i ṣe ní orúkọ Edward kí ó tó lọ. Owó 1936 ti George wà, ti Edward náà sì wà. Lẹ́tà orúkọ yìí nìkan la fi ń dá wọn mọ̀. Àwọn lẹ́tà mìíràn tó kéré jù ú lọ tún wà: H tàbí KN, tó ń sọ ilé iṣẹ́ tó rọ owó náà ní Birmingham. Kíkéré ni abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbẹ̀ kan ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Lára owó yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀ wà, èmi ni mo sì ha á dànù.

Ìkádìí

Bí ó bá jẹ́ ìkòkò owó la kàn, kí a má gbẹ́ síwájú mọ́. Òfin 1979 ló dá àjọ ìjọba tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Kí a fi tó wọn létí. Àwọn tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ohun inú ilẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn sí Ẹgbẹ́dá. Fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, iṣẹ́ wa kò pin sára owó: kí a bi àwọn àgbà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ohun tí wọ́n fi í rà, àti ẹni tó fi pamọ́. Kí a kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí a tó wá omi. Owó tó dọ̀tí ṣì ń sọ̀rọ̀; èyí tí a ha kọjá ààlà ti yadi.