BÍ ỌMỌ BÁ BÈÈRÈ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÀṢÀ KÉRÉSÌMESÌ NÍNÚ ILÉ WA

Kíkà: Eksodu 12:21–27, Nehemiah 8:9–12, Matteu 2:1–12, Luku 2:1–20.

Bí ẹ bá ka ibi èkíní tí a yàn yìí, ẹ ó rí i pé Mose kò wulẹ̀ pa àjọ Ìrékọjá láṣẹ fún àwọn àgbà kí ó sì dákẹ́. Ó ti rí i ṣáájú pé àwọn ọmọ yóò bèèrè ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń rí, ó sì kọ́ àwọn òbí ní èsì. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ nípa Kérésìmesì: bí ọmọ bá bèèrè, kí ni a ó wí?

Ní agbègbè wa, ní Osi, ní Iloffa àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, ẹni tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí bí ọyẹ́ ti máa ń mú ní àkókò náà. Bí ó bá ku ọjọ́ díẹ̀, àwa ọmọdé a mú àdá lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ, a ó sì fi kọ́ àtíbàbà sí iwájú ilé. Níbẹ̀ ni a ti ń jẹun, tí a sì ń kọrin títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Èmi tìkára mi ti di olùkọ́ kí n tó ronú pé ó bá ti ọmọ tí a tẹ́ sí ibùjẹ ẹran mu, nítorí tí kò sí àyè nínú ilé èrò. Bóyá kì í ṣe ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èsì ni tí ọmọ lè dì mú.

Níbi oúnjẹ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí n kò gbàgbé. Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, ariwo odó a gba gbogbo àdúgbò. Ìyá wa àgbà kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan iyán kí a tó gbé àwo lọ sí ilé mẹ́ta: ti opó kan, ti àlejò kan, àti ti ìdílé Mùsùlùmí tí ògiri wọn kan tiwa. Àwọn náà kì í gbàgbé wa ní ọjọ́ Iléyá. Ní ọdún kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ẹ̀yìnkùlé, a jẹ ẹran inú àwo opó náà tán, a sì gbé iyán àti omi ọbẹ̀ lásán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì gbàdúrà fún wa títí ojú fi tì wá. Nígbà tí àṣírí tú, ìyá àgbà kò nà wá. Ó kó ẹran tiwa sínú àwo, ó ní kí a gbé e lọ, kí a sì fi ẹnu ara wa sọ ohun tí a ṣe. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àṣẹ Nehemiah ni ó ń pa mọ́, pé ní ọjọ́ mímọ́ kí ìpín dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní.

Osi kan náà ni ìlú Areogun, àgbà agbẹ́gilére nì. Ọmọ rẹ̀, George Bandele, bá Fadá Kevin Carroll ti Ìjọ Àgùdà ṣiṣẹ́ ní Oye-Ekiti láti ọdún 1947, ó sì gbẹ́ àwọn amòye inú ìtàn ìbí Olúwa ní àwòrán ọba ilẹ̀ Yorùbá. (Kí olùkọ́ kíyè sí i pé Matteu kò pè wọ́n ní ọba, kò sì sọ pé mẹ́ta ni wọ́n.) Ọmọ tí ó bá rí irú ère bẹ́ẹ̀ kò ní rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni Kérésìmesì.

Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn ìlú wa ni ó wà ní títì títí ọdún fi ń parí. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, ní Ìlọrin, àní ní Lọ́ńdọ̀n. Aṣọ tuntun kò wọ́n wọn. Àwo tí a ń gbé lọ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Fún kíláàsì: Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ilé ẹni tí a rán an lọ ní Kérésìmesì tí ó kọjá. Bí kò bá sí, kí ó dárúkọ ilé kan tí yóò lọ ní ọdún yìí. Kí olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì tún bèèrè ní oṣù January.