Ẹ̀KỌ́ KÍKÀ: ÌWÉ ÌTÀN GÍGÙN ÀKỌ́KỌ́ WA

Ẹ ti ka ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tán. Ẹ lè kọ orúkọ yín. Ẹ lè ka iye owó tí wọ́n kọ sára ọjà ní Ìgolo. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé kà tí kò rí ìwé kà, kì í pẹ́ gbàgbé. A ti rí i láàárín wa níhìn-ín: ẹni tó ń kàwé geere lọ́dún tó kọjá, á tún máa fìka tọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn gígùn.

Ìwé wo ni? Ìwé D. O. Fágúnwà ni. Olùkọ́ ni Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Nàìjíríà. Wọ́n bí i ní 1903, ó sì kú ní 1963. Márùn-ún ni ìwé ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó (1949), Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje (1954), àti Àdììtú Olódùmarè (1961). Iwin àti ebora kún inú wọn.

Ìyá kan nínú kíláàsì gbé èyí àkọ́kọ́ wò, ó sì dá a padà.

“Tíṣà, èyí kì í ṣe èdè wa. Ẹ wo lẹ́tà tó ní nǹkan lábẹ́.”

“Ìyá mi, èdè wa ni. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.”

Ní 1975 ni wọ́n ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa. Òun la fi kọ́ yín. Àwọn ará Nàìjíríà ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà ní tiwọn. Ohùn kan náà ni, ìkọsílẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ kà á sókè:

ọdẹ — ɔdɛ
iṣu — ishu
epo — ekpo
ọ̀pẹ — ɔ̀kpɛ

Orúkọ ìlú wa gan-an ńkọ́? Ìfọ̀nyìn là ń pè é lẹ́nu, ìwé ìjọba ń kọ ọ́ ní Ifangni, ìlú kan náà sì ni. A mọ̀ọ́mọ̀ fi lẹ́tà ti Nàìjíríà tẹ ẹ̀kọ́ yìí kí ojú yín lè mọ́ ọn. Bí ìwé tí ẹ rí bá ti pẹ́, ẹ ó bá “aiye” àti “enia” níbẹ̀. Ayé àti ènìyàn ni.

Ìyá náà tún gbé ìwé, ó ka àkọlé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ọdẹ! Ọdẹ bíi ti bàbá mi!”

Báwo la ó ṣe kà á? Ìwé náà fúnra rẹ̀ kọ́ wa. Bàbá àgbàlagbà kan ló tọ òǹkọ̀wé wá, ó ní kó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀. Àkàrà-Ògùn lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́. Kò sọ gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ díẹ̀, ó lọ, ó sì tún padà wá. Àwọn èèyàn sì ń pọ̀ sí i láti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà, ẹ ka apá kan lálẹ́ kan. Kí ẹnì kan kà, kí àwọn yòókù gbọ́, títí kan àwọn tí kò mọ̀wé nínú ilé. Ẹ má ṣí ẹ̀yìn ìwé wò o! Ẹni tó bá ti mọ̀ bóyá Àkàrà-Ògùn á bọ́ lọ́wọ́ Agbákò, ebora olójú mẹ́rìndínlógún, adùn ti lọ níbẹ̀.

Gbólóhùn Fágúnwà a máa gùn. Ẹ mí níbi àmì kọ́mà, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ó tún fẹ́ràn ìmọ̀ràn púpọ̀. Ní tèmi, ìmọ̀ràn náà a máa gùn jù nígbà mìíràn. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n bí ó bá sú yín, ẹ dúró níbẹ̀ di alẹ́ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ọba bá rán Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, àwọn tí wọ́n jọ lọ pọ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé yín: Kàkò, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀. Orúkọ míì sọ ìwà ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Tí ẹ bá parí rẹ̀, Igbó Olódùmarè ló kàn. Ìtàn bàbá Àkàrà-Ògùn, Olówó-Ayé, ló wà níbẹ̀. Ẹ má tìtorí pé bàbá ṣáájú ọmọ kí ẹ fi ìyẹn ṣáájú. Ọmọ ni Fágúnwà kọ́kọ́ kọ.

IṢẸ́ ALẸ́ ÒNÍ

1. Ta ló ní kí òǹkọ̀wé kọ ìtàn náà sílẹ̀?
2. Fi lẹ́tà tiwa kọ: ẹṣin, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, apẹ.
3. Kí lo rò pé orúkọ Olóhùn-iyọ̀ ń sọ nípa ẹni náà?
4. Ka ojú ìwé kìíní fún ẹnì kan nílé. Kọ ìbéèrè tó bi ọ́ sílẹ̀, kí o mú un wá sí kíláàsì.