Orúkọ Awo Ló Ń Ṣáájú: Sàlàkọ́, Bascom àti Iṣẹ́ Ìwádìí



Ẹ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó kan ẹni tó lọ dífá, kó tó kan ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, orúkọ awo tó dífá la sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni "a dífá fún" ń wọlé. Orúkọ ọ̀hún lè gùn bí òwe, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn fún wa pé ká máa sọ ibi tá a ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ifá ti ń ṣe é tipẹ́.

Ojú yẹn ni kẹ́ ẹ fi wo ìwé Sixteen Cowries. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa àṣà ẹ̀dá, ti wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1937. Ó tún padà wá sílẹ̀ Yorùbá, ní 1951 sì ni Sàlàkọ́, olórìṣà tó ń dá ẹẹ́rìndínlógún l'Ọ́yọ̀ọ́, jókòó ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, tó ń ké ẹsẹ ní odù kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1980 ni ìwé náà tó jáde; Bascom kú ní 1981. Ohun tí Sàlàkọ́ sọ wà níbẹ̀ ní Yorùbá, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Bascom dárúkọ Sàlàkọ́ nínú ìwé, ó ṣe dáadáa. Àmọ́ lára páálí ìwé ńkọ́? Bascom nìkan ni.

Mi ò bú u o. Ó ní ẹ̀rọ, ó ní sùúrù, àwọn olórìṣà ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ń jàǹfààní iṣẹ́ yẹn dòní. Ṣùgbọ́n orí Sàlàkọ́ ni gbogbo ẹsẹ yẹn wà kí ẹ̀rọ tó dé.

Ohùn sì ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń le jù. Igbá, igba, ìgbà: bí ẹni tó ń da ohùn kọ sínú ìwé bá ṣi ọ̀kan gbọ́, ìtumọ̀ ẹsẹ ti dojú rú. Awo ló lè tún un ṣe, tí wọ́n bá bi í. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́. Yorùbá ló fi kọ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní 1968, ó sì mọ èdè yunifásítì àti èdè awo.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá wa n'Ídànrè náà. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn òkè tán, wọ́n á wá na fóònù sí wa lẹ́nu. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ké ẹsẹ ṣáájú ẹsẹ, kí wọ́n sì mú ohun tí wọ́n bá kọ padà wá kí n kà á kó tó dé ọwọ́ olùkọ́ wọn. Ẹsẹ tó jẹ́ ti inú igbódù, kí wọ́n pa fóònù. Ẹni tí kò bá gbà, màá fún un lómi mu, màá sì sìn ín dé títì.