Ohun Tó Ń Mú Ẹ́ńjìnì Alùpùpù Sáré

Ní ọdún 1920, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Burt Munro ra alùpùpù kan ní Invercargill, ìlú kan ní ìsàlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè New Zealand. Indian Scout ni wọ́n ń pe alùpùpù náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ṣe é. Bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde, gbogbo eré tó mọ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 89 ní wákàtí kan lọ. Ọ̀kadà tó ń gbé èrò láti Mọ́kọ́lá lọ sí Sángo ní Ìbàdàn lè sún mọ́ iye yẹn bí ojú títì bá dá.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1967, alùpùpù yẹn kan náà sá eré tó lé ní kìlómítà 295 ní wákàtí kan lórí pápá iyọ̀ Bonneville, ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnì náà ti lo ọdún 47 láyé. Munro tó gùn ún ti di ẹni ọdún 68. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ní àwọn ọdún ìṣáájú, alùpùpù ló ń tà lọ́sàn-án. Tó bá di alẹ́, á wọ ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ dojú kọ tirẹ̀.

Kí ni bàbá yìí ṣe sí ẹ́ńjìnì náà? Kí á tó lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo inú ẹ́ńjìnì.

Ihò róbótó kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní sílíńdà. Inú rẹ̀ ni písítìn ti ń lọ sókè sódò. Bí písítìn bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú fáàlù rẹ̀ méjì á ṣí, afẹ́fẹ́ tó ti pò mọ́ epo bẹntiróòlù á wọlé. Bó bá ń gòkè padà, fáàlù méjèèjì á pa dé, písítìn á sì fún afẹ́fẹ́ àti epo náà pọ̀ sójú kan. Pọ́lọ́ọ̀gì á ta iná sí i. Ó gbiná, ó sì ti písítìn wálẹ̀ tipátipá. Ìtì yẹn ni agbára tó ń yí táyà. Lẹ́yìn náà ni fáàlù kejì á ṣí kí èéfín lè gba sàlẹ́ńsà jáde. Bí ẹ́ńjìnì alùpùpù asáré, irú èyí tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní páwà-báìkì, bá ń yí ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 5,000 ni iná ń ta nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú náà. Ó lé ní ìgbà 80 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnì lágbára sí i lè mú kí sílíńdà fẹ̀ sí i, ó lè mú kí písítìn fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa kí iná tó ta, ó sì lè mú kí ẹ́ńjìnì máa yára yí. Ṣùgbọ́n bí sílíńdà ṣe ń fẹ̀ tó, tí ẹ́ńjìnì sì ń yára yí tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń béèrè ṣe ń pọ̀. Epo kò ṣòroó fi kún. Afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀, torí gíráàmù epo kan ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ kó tó lè jó tán. Ẹni tó ti dáná sórí ìsítóòfù kẹrosíìnì rí mọ ohun tí mò ń wí: bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, iná á pọ́n, á máa rú èéfín, ìdí ìkòkò á sì dúdú.

Pọ́lọ́ọ̀gì ló máa ń ròyìn ohun tó ń lọ nínú sílíńdà fún wa. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, ẹ yọ wáyà orí rẹ̀, ẹ fi sípánà rẹ̀ tú u, kí ẹ sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo tanganran tó yí irin àárín rẹ̀ ká. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá rí rúsúrúsú, tí ó sì gbẹ, ara ẹ́ńjìnì le. Bó bá dúdú, tí èédú gbígbẹ bò ó, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí dúdú náà bá tutù, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ó ṣeé ṣe kí ríngì písítìn ti jẹ. Bó bá sì funfun, tí ojú rẹ̀ ń lé roro, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, ooru sì ti kọjá ààlà. Dúdú á jẹ yín lówó epo. Funfun lè yọ́ orí písítìn yín. Ẹ má sì yẹ pọ́lọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti dúró pẹ́ lórí sílóò, torí irọ́ ni yóò pa fún yín.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Munro. Ẹ́ńjìnì tó rà jẹ́ 600 cc. Nígbà tó fi máa di 1967, ó ti fẹ̀ ẹ́ dé nǹkan bíi 950 cc. Fáàlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà tẹ́lẹ̀, ó gbé e lọ sórí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó rọ ọ́ fúnra rẹ̀. Inú agolo àtijọ́ ló ń da irin yíyọ́ sí láti fi ṣe písítìn. Ògbólógbòó páìpù gáàsì ló fi ṣe sílíńdà. Ọ̀pá tó so písítìn mọ́ irin tó ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀ (kíráǹkì), tí à ń pè ní kọ́nrọ́ọ̀dù, ara áàsù katakata ló ti gbẹ́ ẹ jáde. Sípóòkù ògbólógbòó kan ló fi ń wọn iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń fi irinṣẹ́ olówó gọbọi wọ̀n.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà tó rọ ló bàjẹ́. Ó to àwọn písítìn tó fọ́ àti kọ́nrọ́ọ̀dù tó ṣẹ́ sórí pẹpẹ nínú ṣẹ́ẹ̀dì, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹbọ ni wọ́n fún òrìṣà eré sísá. Ògún tiwa ń gba ajá. Òrìṣà ti Munro, písítìn ló ń jẹ.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣẹ́ kò fara sin. Bí ìyára yíyí ẹ́ńjìnì bá di ìlọ́po méjì, ipá tó ń fa kọ́nrọ́ọ̀dù yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí písítìn bá sì fún epo pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, apá kan epo á dá gbiná láìjẹ́ pé iná pọ́lọ́ọ̀gì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ kò-kò-kò nínú ẹ́ńjìnì. Bí ẹ kò bá dá a dúró, ó lè fọ́ písítìn.

Gíga ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, èyí tí ojú kì í rí. Invercargill wà nítòsí òkun, etíkun Oreti ni Munro sì ti máa ń dán alùpùpù rẹ̀ wò. Bonneville fi nǹkan bíi mítà 1,280 ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Kabúrétọ̀ tí wọ́n tún ṣe létí òkun á máa da epo jù níbẹ̀; ó di dandan kí wọ́n fi jẹ́ẹ̀tì, èyí tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá, tí ihò rẹ̀ kéré rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ohun kan náà ló ń mú kí ọ̀kadà tí wọ́n tún kabúrétọ̀ rẹ̀ ṣe ní Èkó máa lọ́ra bó bá dé Jọ́ọ̀sì.

Munro kú ní 1978. Wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 2005, Anthony Hopkins ló sì ṣe Munro níbẹ̀. Ní 2014, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rí i pé ẹni tó ṣírò eré ti 1967, lílọ àti àbọ̀, ti ṣì í: eré náà ju iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ díẹ̀. Wọ́n sì tún un kọ.

Lónìí, kọ̀ǹpútà kékeré ló ń wọn epo nínú ọ̀pọ̀ páwà-báìkì, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ́ńjìnì ń jẹ kò yí padà. Ẹni tó yọ sàlẹ́ńsà tirẹ̀ dànù, tí kò sì tún epo rẹ̀ ṣe, ariwo ló rà. Ó ṣeé ṣe kí pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ máa funfun lọ. Èmi ò lè gbà pé ìyẹn ni títún ẹ́ńjìnì ṣe. Fítà afẹ́fẹ́ tó mọ́, ọ́ìlì tuntun, ṣéènì tí kò dẹ̀ jù tí kò sì le jù, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó ń ṣòjòjò á jí pẹ̀lú ìwọ̀nyí nìkan. Lẹ́yìn wọn ni kí ẹ tó kan tápẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ti fáàlù ṣí. Àlàfo tó wà láàárín òun àti fáàlù kéré púpọ̀, nǹkan bíi ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà tàbí díẹ̀ sí i. Ìwé alùpùpù yín ló mọ iye náà gan-an, ẹ́ńjìnì sì gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo náà bá há jù, fáàlù kò ní lè pa dé, iná á sì jó etí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ jí ẹ́ńjìnì láti gbọ́ bó ṣe ń dún, ẹ ti alùpùpù náà síta. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì tí kò lóòórùn, tí kò sì láwọ̀ nínú. Òun ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n sì sùn. Ẹ má ṣe jí ẹ́ńjìnì nínú yàrá tó tì pa, bó tiẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.